Bí Ẹsẹ̀ Bá Ti Jò, Ẹ Má Tíì Dá Lasix Dúró

"Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ tó wú yẹn ti jò, mo ti fi òògùn yẹn sílẹ̀." Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mí, torí àwọn tó ń sọ ọ́ náà ni wọ́n máa ń gbé padà wá lóru, tí wọn ò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n mí.

Pé Lasix, òògùn tí à ń fún àwọn tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́ kó lè fa omi jáde lára wọn, ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ohun tó ṣòroó gbà ni pé ẹsẹ̀ kọ́ ni àìsàn náà wà. Ọkàn ni kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó yẹ. Kíndìnrín wá ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ti dín kù, ó ń fi iyọ̀ àti omi pamọ́. Bí òògùn bá fa omi náà jáde lónìí, ọkàn àná ṣì ni ọkàn yẹn.

Ẹsẹ̀ ò sì tètè fi hàn. Lítà omi mélòó kan lè ti kóra jọ kí ọrùn ẹsẹ̀ tó wú débi pé, tí ẹ bá tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojúgun, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú. Òṣùwọ̀n ló ń tètè mọ̀, torí lítà omi 1, kílò 1 ni. Ibí yìí ni èmi àtàwọn aláìsàn ti máa ń fà á jù. Wọ́n á ní àwọn ò sanra, kí làwọn fẹ́ fi òṣùwọ̀n ṣe? Ọ̀rọ̀ ìsanra kọ́ là ń sọ. Tí ẹ bá jí, ẹ tọ̀, ẹ má tíì jẹun, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gun òṣùwọ̀n kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Tí ìwọ̀n yín bá fi ohun tó ju kílò 2 lọ gòkè láàárín ọjọ́ 3, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Màmá kan kọ̀ jálẹ̀ pé ara àwọn le. Mo ní, "Màmá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn báyìí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mẹ́ta." Ẹyọ kan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Omi tó ń kóra jọ ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè mí dáadáa mọ́ tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀.

Lóòótọ́, tí omi bá jáde jù, kíndìnrín lè jìyà ẹ̀, potassium, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, lè lọ sílẹ̀, òòyì sì lè kọ́ni téèyàn bá dìde. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà lè dín Lasix kù, ó tiẹ̀ lè dá a dúró fún àwọn kan. Mi ò sọ pé títí ayé ni fún gbogbo èèyàn. Kó má ṣáà jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló máa pinnu.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ibuprofen àti diclofenac, òògùn ìrora tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì nítorí orúnkún: wọ́n ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára. Sodium tó wà nínú iyọ̀ náà ló wà nínú káún tí ẹ ń fi se ẹ̀wà àti ewédú, ó sì wà nínú Maggi. Òwúrọ̀ ló dáa kí ẹ máa lo Lasix, kó má baà gba oorun yín. Tí ẹ bá ń lọ òde, tí ẹ̀rù ìtọ̀ sì ń bà yín nínú ọkọ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín bóyá ẹ lè lò ó tí ẹ bá dé. Ẹ má kàn fò ó.