Bí iṣẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lókè ọya níbí

Tẹ́ ẹ bá gba Old Parade Ground ní Garki kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ máa rí bọ̀dá kan tó so fèrè mọ́ ọrùn, àwọn ọmọ á máa pariwo "Koci! Koci!" lé e lórí, báwọn Hausa ṣe ń pe kóòṣì nìyẹn, bib tí wọ́n wọ̀ ti ṣá débi pé èèyàn ò mọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́, pure water àpò kan ló wà nílẹ̀ fún ọmọ bí ọgbọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kéèyàn ti gbá bọ́ọ̀lù rí dáa, àmọ́ kò tó mọ́, ìwé ni wọ́n ń béèrè. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ló ni láísẹ́ńsì kóòṣì, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ọ́fíìsì wọn wà l'Ábújá níbí, ló ń ṣètò kọ́ọ̀sì ẹ̀. D ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ẹ̀ ni C, B, A, kó tó wá kan Pro. Tó o bá gba ọ̀kan, wàá lọ fi ṣiṣẹ́ ná kó o tó padà wá fún èyí tó kàn, àpò ara wọn lọ̀pọ̀ sì ti ń san owó ẹ̀. Tí kóòṣì bá wá wọ kílọ́ọ̀bù, igbákejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: Kano Pillars, Katsina United, Plateau United, Niger Tornadoes ti Minna, owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà wọn. Torí ẹ̀, owó oṣù kóòṣì lè pẹ́ kó tó dé, tí gómìnà bá sì yí padà, alága kílọ́ọ̀bù náà á yí, alága tuntun sì ti ní kóòṣì tiẹ̀ lọ́kàn. Kóòṣì lè wà nípò kẹta nínú líìgì kó máa palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Nígbà mìí wọn ò tiẹ̀ ní lé e, wọ́n á kàn mú ẹnì kan wá tí wọ́n ń pè ní Technical Adviser, ìyẹn á jókòó lé e lórí.

Ọ̀mì nílé tún wà ńbẹ̀. Nínú líìgì wa, àlejò kì í sábà borí, torí náà ọ̀mì nílé ò yàtọ̀ sí kí wọ́n nà ẹ́ lójú àwọn alátìlẹyìn. Tó bá ti di méjì tẹ̀ léra, lẹ́tà á dé: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta lo ní, pọ́ìntì báyìí lo gbọ́dọ̀ kó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ máa lọ. Ó sì lè jẹ́ pé méjì nínú mẹ́ta yẹn, ìta ni, bọ́ọ̀sì láti Katsina dé Aba, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ṣì wú nígbà tí rẹfirí fọn fèrè. Kóòṣì ni wọ́n máa lé ṣá, ta ló fẹ́ lé agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan?

Òkè pátápátá gan-an ò yàtọ̀. Stephen Keshi, kóòṣì Super Eagles nígbà yẹn, gba ife Áfíríkà fún wa lóṣù kejì ọdún 2013, ọjọ́ kejì ẹ̀ ló ní òun ò ṣe mọ́, inú ń bí i pé wọ́n ti ń múra àtilé òun kí wọ́n tó gbá kọ́tà-fáínà pẹ̀lú Ivory Coast. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó padà.

Ìdí nìyẹn táwọn kóòṣì fi ń yí kílọ́ọ̀bù bí ẹni ń yí ilé rẹ́ǹtì. Kennedy Boboye fi Plateau United gba líìgì ní 2017, ní 2021 Akwa United ló tún fi gbà á. Ẹni tí wọ́n bá sì lé, á padà sórí pápá lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké yẹn, fóònù á wà lápò, kò ní í pa á, torí tí sísìn bá ti dé ìdajì, kílọ́ọ̀bù mìí náà á ti máa kọ lẹ́tà sí kóòṣì tiwọn.