Ìdánwò ààbò afẹsẹ̀rìn lára mọ́tò tuntun

Ìdánwò ààbò afẹsẹ̀rìn ni wọ́n fi ń mọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ṣe máa ṣèṣe tó tí mọ́tò bá gbá a. Èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò mọ́tò tuntun wò ní Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èsì jáde ní 1997, àtìgbà yẹn náà ni ti afẹsẹ̀rìn ti wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni jàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún kan, nínú 100 wọn, nǹkan bíi 23 ló jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ ẹ̀.

Fún apá yìí, wọn kì í gbé mọ́tò lọ gbá odindi ọmọlangidi, torí ara èèyàn kì í ṣubú bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní lè fi mọ́tò kan wé èkejì. Mọ́tò á dúró sójú kan, ẹ̀rọ á wá máa ju orí àtọwọ́dá lù ú ní eré kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, orí àgbà wúwo tó kílò 4.5, ti ọmọdé jẹ́ kílò 3.5, wọ́n á jù ú sí oríṣiríṣi ibi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé gíláàsì iwájú. Ẹ̀rọ tó wà nínú orí yẹn ló ń wọn bó ṣe dúró lójijì tó, wọ́n á sì ṣírò ẹ̀ di nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní HIC, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ewu orí ṣe pọ̀ tó. Tó bá wà lábẹ́ 650, wọ́n á kun ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tó bá ti kọjá 1700, pupa ni. Tèèyàn bá wo àwòrán èsì yẹn dáadáa, ibi tó sábà máa ń pupa ni òpó méjèèjì tó di gíláàsì iwájú mú, torí irin líle ni. Wọ́n tún máa ń ju ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lu bọ́ńpà láti mọ̀ bóyá ojúgun á kán tàbí iṣan orúnkún á já.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ò le, páànù lásán ni, ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń pààyàn, tí àlàfo àárín wọn ò bá tó, páànù á tẹ̀, orí á sì lọ bá irin nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì tó máa ń gbéra sókè fúnra ẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ inú bọ́ńpà bá ti mọ̀ pé ó gbá èèyàn. Citroën C6 ní irú ẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gba ìràwọ̀ 4, ìyẹn máàkì tí Euro NCAP ń fúnni, fún ààbò afẹsẹ̀rìn ní 2005. Volvo V40 ti 2012 tiẹ̀ ní èábáàgì níta, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò ò fi ka nǹkan yìí sí, torí ìràwọ̀ afẹsẹ̀rìn dá wà lọ́tọ̀, ti àwọn tó jókòó sínú mọ́tò náà sì wà lọ́tọ̀, ìràwọ̀ 5 tinú mọ́tò ni wọ́n ń fi polówó, ẹni tí wọ́n máa gbá ní títì kọ́ ló kúkú ń rajà. Ní 2009 ni Euro NCAP pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n jí gìrì. Ní 2016 wọ́n fi bíréèkì tó ń dá ara ẹ̀ tẹ̀ kún un, ibí ni odindi ọmọlangidi ti wúlò, á máa gbẹ́sẹ̀ kọjá níwájú mọ́tò, ti ọmọdé á yọ lójijì láti ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n páàkì. Ti alẹ́ wọlé ní 2018.

Amẹ́ríkà ò tètè ṣe é. 2024 ni NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn máa fi ààbò afẹsẹ̀rìn kún ìdánwò àwọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni jíìpù àti píkọ́ọ̀pù gíga ti pọ̀. Ìwádìí tí IIHS, àjọ tí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń náwó sí níbẹ̀, gbé jáde ní 2023 fi hàn pé mọ́tò tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ga ju ínǹṣì 40 lọ ṣeé ṣe kó fi ìdá 45 nínú 100 pa ẹni tó bá gbá ju èyí tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò ju ínǹṣì 30 lọ tó sì dagun lọ. Tokunbo Amẹ́ríkà pọ̀ gan-an ní Nàìjíríà, irin ńlá táwọn kan sì máa ń so mọ́ bọ́ńpà níbẹ̀, òun ni Yúróòpù ti ṣòfin lé lórí láti 2005, torí kò sí bí bọ́ńpà ṣe lè rọ̀ tó, irin yẹn ló máa kọ́kọ́ bá ẹsẹ̀ èèyàn tàbí orí ọmọdé.