Áyọ́ọ̀nù Kọ́ Ló Ń Pa Iná Ilé

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Kubwa, ní Àbújá, ọjọ́ Sátidé nínú oṣù keje. NẸ́PÀ mú iná wá, ìyá ilé ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè lọ aṣọ òde. Kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná, pàà! Fáànù dúró, fíríìjì dákẹ́. Wọ́n gbé bíréékà sókè, ó dúró. Wọ́n tún tan áyọ́ọ̀nù, ó já. Ẹjọ́ parí: áyọ́ọ̀nù ni. Wọ́n ra tuntun, tuntun náà tún já a. Ẹ̀bi wá di ti kẹ́tùlù, lẹ́yìn náà ó di ti bíréékà fúnra rẹ̀, títí oníná kan á fi dé tí á ní, “Mọ́mì, nǹkan yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò,” tí á sì so wáyà pọ̀ tààrà láì gba inú rẹ̀ kọjá. Iná ò ní já mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀mí àwọn ará ilé ni wọ́n yọ yẹn.

Àwọn bíréékà kéékèèké ò ní wàhálà púpọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣiṣẹ́ fún bíi ogún ìṣẹ́jú kó tó já, ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀; bó bá já lójú ẹsẹ̀, àfàìmọ̀ ni láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, àti níútírà, wáyà tó ń dá a padà, ò ti kanra. Ẹni tó bá yọ ti áḿpíà 20 tó fi ti 32 rọ́pò rẹ̀ láì pààrọ̀ wáyà, wáyà inú ògiri ló sọ di ohun tó máa kọ́kọ́ jó.

Èyí tó ń yọni lẹ́nu láti tọpa ni ńlá tó wà níwájú wọn, tó ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ T sí lára. RCD làwọn oníná ń pè é, òun ló ń já ní Kubwa yẹn. Kì í wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó rárá. Kíkà ló ń kà.

Ẹni tó bá ti dúró rí ní Lugbe kí agbo màlúù kọjá títì á tètè yé e. Ká ní darandaran kan jókòó sẹ́nu géètì ọgbà rẹ̀. Ó ń ka èyí tó ń jáde, ó ń ka èyí tó ń wọlé. Bí mẹ́wàá ló jáde, bí irinwó ni, kò kàn án. Kí iye méjèèjì ṣáà ti bára mu. Láìfù ni iná ń gbà jáde, níútírà ló ń gbà padà, wáyà méjèèjì sì jọ gba inú òrùka kan kọjá nínú RCD. Bí èyí tó ń lọ bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń bọ̀, agbára òòfà wọn pa ara wọn rẹ́ nínú òrùka náà. Bí díẹ̀ bá gba ara ènìyàn tàbí ògiri tó rin wọlẹ̀, ìyàtọ̀ yọjú, ó já. 30 mA, ìyẹn ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún áḿpíà kan, ni èyí tó sábà máa ń wà nínú ilé kì í gbà kó kọjá. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ń fa bíi áḿpíà 4.3 lórí fóòtì 230, nítorí náà bí ìdá kan nínú 145 iná rẹ̀ bá ti ṣáko, ó ti tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ká ní ihò kan wà lẹ́yìn ọgbà tí darandaran ò mọ̀. Màlúù tó gba ibẹ̀ ò kú, wọn ò jí i, ó kàn gba ẹ̀yìn wọlé ni. Bí ogún màlúù bá jáde, bóyá ọ̀kan ló máa gba ihò, darandaran lè fojú fò ó. Ọjọ́ tí irinwó bá jáde, ogún á gba ihò, ariwo á sì sọ. Bẹ́ẹ̀ ihò náà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Irinwó tó jáde ló kàn jẹ́ kó hàn.

Ihò yẹn ni níútírà tó ń kan ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ, níbì kan nínú ilé. Níútírà gbogbo yàrá ló ń pàdé lórí irin kan nínú àpótí bíréékà. Iná áyọ́ọ̀nù tó ń padà bọ̀ dé ibẹ̀, èyí tó pọ̀ gba RCD, díẹ̀ yà sínú níútírà tó bàjẹ́, ó sì gbabẹ̀ wọlẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ò ní àìsàn kankan. Ó kàn kó iná púpọ̀ wá ni.

Gbólóhùn tó sì ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni “A ti pa gbogbo nǹkan.” Bíréékà kékeré, láìfù nìkan ló ń gé. Súwíìsì ara ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, láìfù nìkan náà ni. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n pa láti àná, tí omi ti wọ inú rẹ̀, níútírà rẹ̀ ṣì so mọ́ ti gbogbo ilé gbọin-gbọin. RCD tiẹ̀ lè já nígbà tí gbogbo bíréékà kékeré wà nílẹ̀: gbogbo àdúgbò ló jọ ń lo níútírà kan, bí àwọn aládùúgbò bá tan ẹ̀rọ amúlétutù wọn nírọ̀lẹ́, fóòtì díẹ̀ á gun un, á sì wá ihò gbà wọlẹ̀.

Nítorí náà, yíyọ ni ká yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, kì í ṣe pípa. Bí RCD bá wá dúró láì já, ká tan áyọ́ọ̀nù, ká máa dá ìyókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó bá já a, òun la ń wá. Bó bá ṣì ń já tí kò sí nǹkan kan nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, inú wáyà ni ihò wà. Oníná á pa iná pátápátá, títí kan inverter, á tú níútírà kúrò lórí irin náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á sì fi megger onífóòtì 500, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ara wáyà ṣe ń dènà jíjò iná tó, wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò bá tó mẹ́gà-óòmù 1 ló ń jo. Mítà kékeré oníbátìrì tí ọ̀pọ̀ wọn ń kó kiri lè ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí agbára rẹ̀ ò tó láti tú àṣírí ọ̀rinrin.

Ní Àbújá, iná orí fẹ́ǹsì ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣí. Omi á wà nínú gíláàsì rẹ̀, erùpẹ̀ èèrà á dì yí ìdí wáyà ká, bàbà wáyà á ti hu àwọ̀ ewé, orí níútírà tó ṣí sílẹ̀ á sì fara ti irin àpótí. Nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, bíréékà ò ní já mọ́, wọ́n á ní oníná tó wá nínú oṣù kọkànlá mọṣẹ́ gan-an. Òjò oṣù kẹrin á tún dá a padà.

Láti ìgbà tí inverter ti pọ̀, oríṣi mìíràn tún ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó so ó á fa láìfù yàrá kan sórí inverter, á gbàgbé níútírà rẹ̀ síbi tó wà. Màlúù wá ń gba géètì kan jáde, wọ́n ń gba òmíràn wọlé. Kò sí wáyà tó bàjẹ́, kò sí omi. Níútírà yẹn kàn ní láti bá láìfù rẹ̀ lọ ni.

Ọgbọ́n RCD ni pé kò béèrè ibi tí iná gbà lọ, kíkà tó ń kà ti tó fún un láti gba ẹ̀mí là. Àléébù rẹ̀ náà sì nìyẹn: kò lè sọ yàrá tí ihò wà. Fífi ẹyọ kan ṣoṣo ṣọ́ odindi ilé ló sọ ọ́ di wàhálà, owó tí àwọn tó ń kọ́lé ń fẹ́ dín kù ló sì fà á. RCBO, tó jẹ́ bíréékà àti RCD nínú ara kan náà, wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wáyà kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ tí iná fẹ́ǹsì bá mu omi, iná fẹ́ǹsì nìkan ló máa kú.