Adágún wo ló ṣì lómi lábẹ́ yìnyín?

Ẹni tó bá fi bàálù kọjá lórí apá àríwá Àláskà lóṣù keje, adágún ló máa rí lọ súà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ wọn gùn gbọọrọ, wọ́n sì kọrí síbì kan náà bíi pé ẹnì kan ló fọwọ́ tò wọ́n. Ọ̀nà mọ́tò ò dé ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ rọ̀, ẹ̀fọn ò sì ní jẹ́ kéèyàn gbádùn, torí náà òkè ni wọ́n ti ń ya máàpù ẹ̀.

Permafrost ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ilẹ̀ tó dì fún ọdún méjì léra ó kéré tán. Ti Prudhoe Bay, létíkun àríwá Àláskà níbẹ̀, jìn ju 600 mítà lọ! Òkè ẹ̀ díẹ̀ ló ń yọ́ nígbà ooru. Àmọ́ tí yìnyín inú ilẹ̀ bá yọ́ wọlé jù, ilẹ̀ á rì, omi á dá síbẹ̀, omi yẹn á tún máa yọ́ ilẹ̀ tó yí i ká, kòtò á máa fẹ̀ títí á fi di adágún.

Nígbà ooru iṣẹ́ ò le. Sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán láti 1972, omi sì máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tójú èèyàn ò lè rí, mì, ó máa dúdú kirikiri nínú àwòrán, wọ́n á kàn fi àwòrán àtijọ́ wé tuntun kí wọ́n mọ èyí tó fẹ̀ àti èyí tó ti gbẹ.

Ìgbà òtútù gan-an ló dùn. Ní Utqiaġvik, ìlú kan ní ìpẹ̀kun àríwá Àláskà, oòrùn kì í yọ fún bí oṣù méjì, kámẹ́rà lásán ò lè ṣe nǹkan kan, rédà ni wọ́n ń lò torí òun ló ń ran ìgbì tiẹ̀. Ìgbì yẹn á gba inú yìnyín kọjá, tó bá pàdé omi nísàlẹ̀ á ta padà dáadáa, adágún á funfun nínú àwòrán. Tó bá jẹ́ pé adágún ti dì kan ilẹ̀, ìgbì á wọnú ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Yìnyín ibẹ̀ ò sábà nípọn ju mítà méjì lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ èyí tó jìn láìfi okùn wọ̀n ọ́n. Inú àwọn tó funfun yẹn lẹja ti ń la òtútù já, abẹ́ wọn náà sì ni ilẹ̀ ti ń yọ́ láìdáwọ́ dúró.

Wọ́n ṣì máa ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò o, wọ́n á lu ihò sínú yìnyín, wọ́n á wọn omi. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ yọ́ dé, ìyẹn tiẹ̀ tún rọrùn jù: irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì wọlé nígbà ooru, ibi tó bá ti kọ̀ tí ò lọ mọ́, ibẹ̀ ni dídì ti bẹ̀rẹ̀.