Ìsìn ìrántí àwọn sójà tó bógun lọ àti àwọn ọba Èkìtì

Ìsìn ìrántí yìí ni ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń ṣe ní Sunday tó bá sún mọ́ ọjọ́ 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún, láti fi rántí àwọn sójà Nàìjíríà tó kú sógun. L'Ékìtì, Adó ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é, gómìnà á wá, àwọn ọ̀gá sójà àti ọlọ́pàá á wá, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì á fi mẹ́dàá sáyà, àwọn opó sójà náà ò ní gbẹ́yìn, àwọn ọba aládé náà á sì yọjú. Àwọn Mùsùlùmí máa ń ṣe àdúà tiwọn ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ yẹn lọ́dún 1918 ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló sì kó àṣà yẹn wá. Ní London, lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá 1920, King George V ṣí òkúta ìrántí Cenotaph, ó wá tẹ̀lé òkú sójà kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀ dé Westminster Abbey tí wọ́n sin ín sí. Ìgbà tí ogun abẹ́lé parí ni Nàìjíríà gbé tiẹ̀ lọ sọ́jọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí Biafra túúbá lọ́dún 1970.

Ọba tó ń tẹ̀lé òkú yẹn ló yàtọ̀ jù sí tiwa. Ọba Yorùbá kì í fojú kan òkú, kì í lọ síbi ìsìnkú, bó ti wù kí olóògbé sún mọ́ ọn tó, ìjòyè ló máa rán lọ. Àmọ́ níbi ìsìn ìrántí, kò sí pósí, kò sí òkú nílẹ̀, àdúrà àti orúkọ nìkan ni, torí náà Kábíyèsí lè jókòó síbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò ní sọ pé ó rú èèwọ̀. Tó bá ń wọlé, gbogbo ìjọ á dìde, "Kábíyèsí o!" á gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan, iwájú ni wọ́n máa tẹ́ àga sí fún un. Ṣùgbọ́n tó bá ti di àkókò tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, tọba tìjòyè ló ń dìde fáwọn tó kú, tó fi mọ́ kọ́pùrù tí ò lóyè kankan, ibẹ̀ gan-an ló wú mi lórí jù.

Ọ̀rọ̀ ogun ò sì ṣàjèjì l'Ékìtì. Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, bá Ìbàdàn ja Ogun Kírìjì láti 1877, wọn ò tú àgọ́ tán títí di 1893. Lásìkò Ogun Hitler, ọmọ Yorùbá wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ sí Burma. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, gómìnà ológun ìwọ̀ oòrùn nígbà náà, wọ́n mú un pẹ̀lú àlejò ẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba, n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 29 oṣù keje 1966, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ Fájuyì Park l'Ádó.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti máa ń ta báàjì ìrántí, àwọn ọba náà máa ń dáwó níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì àti ìdílé àwọn tó kú lowó ẹ̀ wà fún.