Eibar kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fà á wálẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn kan tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2014 tún ti ń lọ láti orí fóònù kan dé òmíràn. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eibar, gba ipò kìíní ní ìpele kejì, ó sì yẹ kí ó gòkè lọ bá Real Madrid àti Barcelona figagbága, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé àwọn yóò fà á wálẹ̀ sí ìpele kẹta, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ gbèsè kankan. Àwọn kan tí ó kà á ní irọ́ ni, àwọn mìíràn ní àfi kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti gbà ẹ̀yìn ṣe nǹkan. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ìwà ẹ̀yìn. Òfin ni ó fà á, òfin náà sì gba àlàyé.

Níbo ni Eibar wà gan-an?

Ìlú kékeré kan ni, tí ó wà ní àfonífojì láàárín Bilbao àti San Sebastián, ní ìpínlẹ̀ Gipuzkoa, ní ilẹ̀ àwọn Basque. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 27,000 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìlú náà, tọmọdé tàgbà, kò lè kún ìdá kan nínú mẹ́ta pápá Barcelona bí ó ṣe wà ní ọdún 2014. Iṣẹ́ ìbọn ni wọ́n fi mọ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe ẹgbẹ́ náà ní Armeros, ìyẹn àwọn arọbọn. Nígbà tí ọjà ìbọn dẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ yìí kan náà yí irin wọn padà sí kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Orbea àti BH, tí àwọn olùfẹ́ eré kẹ̀kẹ́ mọ̀ kárí ayé, ìlú yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1940 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Pápá rẹ̀, Ipurua, kò gbà ju nǹkan bíi 5,000 ènìyàn lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn kan sì máa ń dúró lójú fèrèsé ilé wọn wo bọ́ọ̀lù. Xabi Alonso àti David Silva, tí wọ́n padà gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé, gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lórí àyálò nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Àwọn tí ó bá rántí Mutiu Adepoju, ọmọ Ìbàdàn, yóò rántí pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún Real Sociedad láti 1996 títí di 2000. San Sebastián tí Real Sociedad wà ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Gipuzkoa kan náà, nítorí náà aládùúgbò Eibar ni Mutiu jẹ́ fún ọdún mẹ́rin.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ náà kò jẹ gbèsè?

Òótọ́ ni.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kéré jù lójú òfin. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Gbèsè ni owó tí ilé-iṣẹ́ jẹ ẹlòmíràn. Owó tí ń wọlé ni ohun tí ó ń rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì, lórí tẹlifíṣọ̀n, àti lọ́wọ́ àwọn tí ó ń polówó ọjà lára aṣọ rẹ̀. Owó ìpìlẹ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì: òun ni owó tí àwọn onípìn-ín dá jọ nígbà tí wọ́n ra ìpín, tí ó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò dì í mú bí ọjọ́ burúkú bá dé. Ìyá aláta lè máa tà kí ó sì máa jèrè, kí ó má jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ kí owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ má tó nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ Eibar ṣe rí nìyẹn. Owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 422,253 yúrò.

Òfin kan tí ìjọba Sípéènì ṣe ní ọdún 1999 sì sọ bí owó ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tó. Wọn yóò kó ìnáwó gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kejì jọ, wọn yóò yọ ẹgbẹ́ méjì tí ó náwó jù àti méjì tí ìnáwó wọn kéré jù kúrò, wọn yóò wo iye tí ó kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba, wọn yóò sì mú ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn. Fún Eibar, ìṣirò náà gbé nǹkan bíi 2,146,500 yúrò jáde. Ohun tí ó kù tí wọ́n ní láti wá jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.72 yúrò, wọ́n sì fún wọn títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Bí wọn kò bá rí i, ìpele kẹta ni.

Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìnáwó Eibar ni wọ́n fi wọn Eibar, ìnáwó àwọn ẹlòmíràn ni. Bí mílíọ̀nù 2.1 bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, a jẹ́ pé ìnáwó tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ju mílíọ̀nù 8.5 yúrò lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ni Eibar fi gbé gbogbo sáà náà, tí ó sì fi gba ipò kìíní. Ẹgbẹ́ tí ó ń yá owó ra agbábọ́ọ̀lù ń gbé òṣùwọ̀n náà sókè mọ́ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣọ́ owó ná lórí. Èmi kà á sí àìṣòdodo, mo sì gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò náà yóò rí ohun kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rárá?

Gbèsè ló bí i. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1980 sí 1990, gbèsè ti mu ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sípéènì dé ọrùn, wọ́n jẹ ìjọba ní owó orí, wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù. Ìjọba wá ṣe òfin eré ìdárayá ti ọdún 1990, tí ó pàṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ tí ń jẹun nídìí bọ́ọ̀lù di ilé-iṣẹ́ onípìn-ín, kí ó lè hàn sí gbogbo ayé ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Mẹ́rin péré ni wọ́n dá sí, nítorí pé ìwé ìṣirò wọn mọ́ nígbà náà: Real Madrid, Barcelona, Athletic Bilbao àti Osasuna. Títí di òní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ni àwọn mẹ́rin yìí. Èrò tó wà nínú òfin náà dára. Ohun tí àwọn tí ó kọ ọ́ kò rò ni pé ẹgbẹ́ kan lè kéré, kí ó mọ̀ pé òun kéré, kí ó sì máa ná owó ìwọ̀n ara rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe rí owó náà?

Wọ́n tọ gbogbo ayé lọ. Wọ́n pe ètò náà ní "Defiende al Eibar", tí ó túmọ̀ sí "Gbèjà Eibar", wọ́n sì ń ta ìpín kọ̀ọ̀kan ní 50 yúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará ìlú rà, àwọn tí kò tíì dé Sípéènì rí náà rà. Xabi Alonso àti àwọn gbajúmọ̀ mìíràn gbé ohùn sókè fún wọn. Kí gbèdéke tó pé ni owó náà ti pé, àwọn onípìn-ín sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ.

Ṣé olówó kan kò lè kàn san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ó lè ṣe é, ohun tí wọ́n sì sá fún gan-an nìyẹn. Wọ́n fi òté lé e pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ra ju 100,000 yúrò lọ, kí àjèjì kan má baà fi owó tí kò tó ti agbábọ́ọ̀lù kan ra ogún gbogbo ìlú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ní ìpele kìíní ní Ipurua, wọ́n sì fi àmì ayò kan sí òdo borí Real Sociedad, ẹ̀gbọ́n wọn ní Gipuzkoa. Javi Lara ni ó gbá a wọlé.

Ìparí sáà náà ni ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ipò 18 ni Eibar parí sí, ipò tí ń fa ẹgbẹ́ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Elche, tí ó wà ní òkè wọn dáadáa lórí tábìlì, jẹ ìjọba ní owó orí, àwọn alákòóso líìgì sì fà á wálẹ̀ nítorí rẹ̀. Àyè Elche ni Eibar jókòó sí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ lọ́dún tí ó ṣáájú nítorí pé kò ní owó púpọ̀ nínú ìwé ni ó rí ìgbàlà nítorí pé kò jẹ gbèsè. Sáà méje ni wọ́n lò lókè, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá José Luis Mendilibar, wọ́n sì fi 3-0 na Real Madrid ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Wọ́n já wálẹ̀ ní 2021. Ní 2022, ìṣẹ́gun kan ṣoṣo ní pápá Alcorcón, ẹgbẹ́ tí ó ti já wálẹ̀ tán, ni ó kù kí wọ́n padà gòkè, wọ́n sì pàdánù rẹ̀ ní 1-0. Ó dun gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn wọn, ó dun èmi náà.

Ṣé òfin náà ṣì wà?

Òfin eré ìdárayá tuntun ti ọdún 2022 ti mú ọ̀ranyàn pé kí ẹgbẹ́ di ilé-iṣẹ́ onípìn-ín kúrò. Ohun tí ó ń dẹ́kun ìnákúnàá jù báyìí ni òté tí líìgì fi lé iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí owó tí ń wọlé fún un ṣe mọ.

Ìpele mélòó ni ó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún?

Láti ọdún 2021, ìpele kìíní ní ẹgbẹ́ 20, ìpele kejì ní 22. Lábẹ́ wọn ni Primera Federación tí ó ní ẹgbẹ́ 40 lọ́nà méjì, Segunda Federación lọ́nà márùn-ún, Tercera Federación lọ́nà 18, lẹ́yìn náà ni àwọn líìgì agbègbè. Ẹ fi àwọn orúkọ yìí sọ́kàn dáadáa. "Primera" túmọ̀ sí "àkọ́kọ́", ṣùgbọ́n Primera Federación kì í ṣe ìpele kìíní, ìpele kẹta ni. Tercera Federación, tí orúkọ rẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀kẹta, ìpele karùn-ún ni, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ sì ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni àwọn oníjìbìtì fi ń jẹ.

Ṣé mo lè ra ìpín irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe òwò?

Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, tí ẹ sì lè gbàgbé owó náà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á nítorí èrè. Ẹni tí ó ra ìpín 50 yúrò kò ní agbára lórí ìpinnu kankan, kò sì rọrùn láti rí ẹni tí yóò rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ní òun yóò mú ọmọ mi lọ dán ara rẹ̀ wò ní ẹgbẹ́ kékeré kan ní Sípéènì, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ san owó. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ni ó jẹ mí lógún jù, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ kékeré wà lóòótọ́, ìlú wọn wà, pápá wọn wà, ẹni tí ó sì fẹ́ purọ́ kò nílò ju kí ó dá orúkọ kan mú nínú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ orí ọmọ. Bí kò bá tíì pé ọdún 18, òfin FIFA kò gbà kí ó ṣí láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àyàfi àwọn ìdí díẹ̀, bí àpẹẹrẹ bí àwọn òbí rẹ̀ bá ṣí lọ síbẹ̀ nítorí nǹkan tí kò kan bọ́ọ̀lù. FIFA kò fi òfin yìí ṣeré: wọ́n fìyà jẹ Barcelona lórí rẹ̀ ní 2014, wọ́n sì fìyà jẹ Real Madrid àti Atlético Madrid ní 2016. Bí àwọn wọ̀nyẹn kò bá lè gbà á kọjá, ẹgbẹ́ ìpele karùn-ún kò lè gbà á kọjá. Ẹni tí ó bá ní òun lè yí ọjọ́ orí ọmọ padà nínú ìwé ìrìnnà ń fa ọmọ yẹn sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò tẹ̀lé e títí.

Bí ó bá ti pé ọdún 18, ẹ bèèrè orúkọ ẹgbẹ́ náà àti ìpele tí ó wà. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ wá ojúlé ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n pe ọmọ yín. Ẹ má lo nọ́ńbà tí ẹni náà fún yín. Láti ọdún 2023, aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ àwọn tí ó ní in sì wà lójú ewé FIFA fún ẹnikẹ́ni láti wò. Owó iṣẹ́ aṣojú gidi máa ń jáde láti ara àdéhùn tí a ti tọwọ́ bọ̀, kì í ṣe láti inú owó ilé tí bàbá tà. Ìwé tí ń fi agbábọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, láti ọ̀dọ̀ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sí àjọ bọ́ọ̀lù Sípéènì ni ó ń lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí ó bá bu owó lé e ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Owó ti jáde lọ́wọ́ mi, ọmọ náà sì ti lọ. Ǹjẹ́ nǹkan ṣì wà tí mo lè ṣe?

Ó wà. Ẹ kó gbogbo rísíìtì báńkì, àtẹ̀jíṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù jọ, ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́, kí ẹ kó wọn lọ bá àwọn ọlọ́pàá àti NAPTIP, àjọ tí ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, nítorí pé ẹni tí ó fi bọ́ọ̀lù tan ọmọ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí ó lè rí owó lára rẹ̀, wọ́n lè fẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin yẹn. Bí wọ́n bá gba ìwé ìrìnnà ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ ọn, kí ó sì kàn sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Madrid. Kí ó má jẹ́ kí ìtìjú dá òun dúró, kí ẹ̀yin náà sì sọ fún un lórí fóònù pé ẹ kò bínú sí i.