Ohun tí wọ́n ń fi sínú ẹyinjú lẹ́yìn tí wọ́n bá fa omi kíki rẹ̀ jáde

Ẹ fọ́ ẹyin adìẹ tútù sínú abọ́, kí ẹ fi ìka kan funfun rẹ̀. Bó ṣe ń yọ̀ tó sì ń fà yẹn ni omi kíki inú ẹyinjú rí. Kò ju bíi mílílítà 4 lọ, omi lásán sì ni ìdá 98 nínú 100 rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ó máa ń yọ́, á sì máa sún kúrò lára rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú. Níbi tó bá ti lẹ̀ jù, ó lè fa awọ náà ya. Omi á gba ojú ihò yẹn wọ abẹ́ rẹ̀, rẹ́tínà á sì ṣí bí ọ̀dà ògiri tí òjò gbà lábẹ́.

Robert Machemer ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa omi kíki yìí jáde, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bíi 1970. Ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n ń lu, mílímítà 3.5 sí 4 sí etí ẹyin dúdú: ọ̀kan fún omi tó ń wọlé kí ojú má baà rọ̀, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún abẹ tó ń gé tó sì ń fà. Ohun tí wọ́n bá fà jáde kì í hù padà. Ojú á fi omi ṣíṣàn tirẹ̀ dí àyè náà, bíi maikirolítà 2.5 ní ìṣẹ́jú kan, omi yẹn sì tó fún ìríran. Kò kàn lè ti rẹ́tínà mọ́ ògiri fún bíi ọjọ́ 10 sí 14 tí ojú lésà, ìyẹn ibi tí wọ́n fi iná jó yí ihò ká kó lè lẹ̀, á fi jinná ni. Òpó ni wọ́n ń wá.

Gáàsì méjì ló wọ́pọ̀, SF6 (sulfur hexafluoride) àti C3F8 (perfluoropropane). Bó bá jẹ́ ogidi, SF6 á wú di ìlọ́po méjì nínú ojú, C3F8 á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ là á. Nínú sírínjì mílílítà 50, SF6 á jẹ́ 10, afẹ́fẹ́ 40. C3F8 á jẹ́ 7, afẹ́fẹ́ 43. Ẹni méjì ló yẹ kó jọ wo ìlà sírínjì yẹn, torí bí gáàsì bá le jù, ìfúnpá inú ojú á ga, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráàyè dé rẹ́tínà, ojú á sì fọ́. SF6 ń lo bíi ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tán, C3F8 ń lo ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Òkè ni gáàsì máa ń lọ, nítorí náà orí aláìsàn ló ń darí rẹ̀. Ẹni tí ihò rẹ̀ wà lókè lè jókòó. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín gbùngbùn gbọ́dọ̀ dojúbolẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́, ìdọ̀bálẹ̀ tó ju èyí tí a fi ń kí àgbà lọ: ìrọ̀rí sábẹ́ iwájú orí àti àyà, kí imú ráàyè mí. Kó má fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, torí gáàsì á lọ fara ti lẹ́ǹsì ojú, á sì sọ ọ́ di funfun. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ tí wọ́n ń jù níwájú rẹ̀ nìkan ló máa rí. Nígbà tó bá yá, òkè ìríran á kọ́kọ́ là, ìlà kan á máa mì lágbedeméjì bí omi nínú ìgò, á máa sọ̀kalẹ̀, títí á fi ku róńdó kékeré kan nísàlẹ̀. Gáàsì ṣì wà lókè o. Ìdoríkodò ni rẹ́tínà ń gba àwòrán.

Ọkọ̀ òfurufú ni èèwọ̀ rẹ̀. Bí a bá gòkè, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, gáàsì inú ojú á sì wú. Orí Òkè Olúmọ kò ga tó láti ṣe nǹkan kan, mítà 137 péré ló fi ga ju òkun lọ. Ṣùgbọ́n bíi 1,200 ni Jos, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì l'Abẹ́òkúta lọ síbẹ̀ pẹ̀lú gáàsì lójú ń wá wàhálà. Nitrous oxide tí wọ́n fi ń mú ènìyàn sùn fún iṣẹ́ abẹ mìíràn náà ń wọ inú gáàsì yìí, ó sì ń wú u. Fún èyí ni wọ́n ṣe ń so okùn aláwọ̀ mọ́ ọwọ́ aláìsàn. Kó má já a.

Omi wíwúwo kan tún wà, perfluoro-n-octane, tó wúwo tó 1.76 ìgbà omi. Ó ń rì, ó sì ń tẹ́ rẹ́tínà pẹrẹsẹ láti ẹ̀yìn wá. Irinṣẹ́ orí tábìlì iṣẹ́ abẹ nìkan ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ fà á tán kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Òróró sílíkónì ni ti ọmọdé, ti ẹni tí kò lè dojúbolẹ̀, àti ti rẹ́tínà tó ti ká jọ. Ó ń léfòó bí epo lójú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni (ó wúwo tó 0.97 ìgbà omi), ìdí nìyẹn tí ihò ìsàlẹ̀ fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń yí ìwọ̀n jígí padà, nígbà mìíràn tó +5. Bí kò bá sí lẹ́ǹsì nínú ojú, wọ́n á lu ihò kékeré sísàlẹ̀ awọ dúdú ojú kí òróró má baà ya síwájú. Èyí tó fẹ́lẹ́, tí ìwọ̀n kíki rẹ̀ jẹ́ sẹ́ńtísítókù 1000, rọrùn láti fà wọlé; èyí tó ki bí oyin, 5000, ni kì í tètè fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Oṣù 3 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Kì í dunni, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn ríran díẹ̀, ohun tí mo rò pé ó ń mú kí wọ́n gbàgbé ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ìlà funfun bá hàn lókè ẹyin dúdú, tó dà bí fọ́ọ̀mù ọṣẹ lórí omi, òróró ti fọ́, ó sì ti ń dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.